Atọ́nà Tí Kò Lè Sọ Pé Òun Kò Mọ̀

Abdulqoyum kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀lẹ, kò sì lẹ́nu burúkú. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: kò sí ohun tí ènìyàn bi í tí yóò dáhùn pé òun kò mọ̀. Iṣẹ́ tó sì wá yàn láàyò ni iṣẹ́ atọ́nà, iṣẹ́ tí ìbéèrè kì í tán níbẹ̀.

Ní Bódìjà nílùú Ìbàdàn ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Bí ẹbí kan bá fẹ́ lọ wo àṣà àti ìtàn àwọn ìlú tó múlé ti Nàìjíríà, òun ni yóò kó wọn lọ, àwọn nìkan nínú ọkọ̀, láti Kútọnù dé Lómé, títí dé Àkírà ní orílẹ̀-èdè Gánà. Ẹnu rẹ̀ dùn. Bí wọ́n bá bi í pé ta ló mọ ògiri kan, yóò dá ọba kan sílẹ̀ níbẹ̀, yóò sì fún un ní ìyàwó méje. Inú àwọn oníbàárà a máa dùn. Láàárín ọdún mẹ́rin, òkìkí rẹ̀ ti kàn láti Agbowó dé Rìǹgì Róòdù.

Ní ọjọ́ kan, Àlájà Zùwáírátù, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, wá láti Challenge pẹ̀lú Islamiat ọmọ rẹ̀. Sábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ni wọ́n ti bí ìyá Àlájà. Ìyá náà bá àwọn oníṣòwò wá sí Ìbàdàn nígbà tó wà lọ́mọge, kò sì padà délé mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Àlájà ti di ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin. Ohun kan ṣoṣo tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń fẹ́ ni kí ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ agbo ilé tí wọ́n ti bí ìyá rẹ̀. Kò mọ orúkọ agbo ilé náà. Ó kàn mọ̀ pé àpáta ńlá wà nítòsí rẹ̀ ni.

"Ṣé o mọ ibẹ̀, ọmọ mi?" ni ó bi í.

"Àlájà, mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó."

Irọ́ ni. Abdulqoyum kò tíì kọjá ibùdókọ̀ Sábẹ̀ẹ́ rí láyé rẹ̀. Abdulmojeed, awakọ̀ rẹ̀, gbà á nímọ̀ràn pé bí àwọn bá débẹ̀, kí àwọn béèrè láàfin tàbí lọ́jà, torí pé abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Abdulqoyum pòṣé. Ó ní atọ́nà tó bá ń béèrè ọ̀nà lójú oníbàárà, kí ó kúkú lọ máa ta omi. Ó tẹ ojúlùmọ̀ rẹ̀ kan láago níbẹ̀, ó ní kí ó wá ilé kan fún òun nítòsí àpáta, kí ó sì wá bàbá arúgbó kan tójú rẹ̀ tutù sínú rẹ̀.

Wọ́n rí Kútọnù, wọ́n rí Lómé, wọ́n dé Àkírà. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n yà sí Sábẹ̀ẹ́. Bàbá arúgbó náà ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó dì mọ́ Àlájà, ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni òun. Àlájà bú sẹ́kún, Islamiat náà ń nu ojú. Abdulqoyum gbé fóònù rẹ̀ sókè, ó ń fi gbogbo rẹ̀ hàn tààrà lórí ayélujára kí àwọn ará Bódìjà lè rí iṣẹ́ ọwọ́ òun. Orí rẹ̀ wú.

Ibi tí orí rẹ̀ ti ń wú ni oúnjẹ dé. Àlájà ti bu iyán kí ó tó béèrè pé ẹran kí nìyí.

"Awó ni," ni bàbá náà wí. "Àlejò pàtàkì là ń pa á fún."

Àlájà fa ọwọ́ padà. Ìyá rẹ̀ kò fi orúkọ ilé sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ó fi èèwọ̀ ilé sílẹ̀. Igbe ẹyẹ awó ló jí àwọn baba ńlá wọn lọ́jọ́ tí ogun yọ sí wọn, láti ìgbà náà ni ìdílé wọn kò ti jẹ ẹ́ mọ́. Àlájà ní kí bàbá kọ́kọ́ jẹ. Bàbá mú itan, ó gé e jẹ.

"Abdulqoyum," ni Àlájà wí, "nílé ìyá mi, a kì í fẹnu kan awó. Ilé ta lo mú mi wá?"

Àyè ṣì wà fún un. Ká ní ó sọ pé òun kò mọ̀, tó sì tọrọ àforíjì, ìyá àgbà náà ì bá forí jì í. Ṣùgbọ́n ẹnu tí irọ́ ti mọ́ lára kì í gbọ́ ti ẹni tó ni ín.

"Àlájà, wọ́n ti ṣètùtù èèwọ̀ yẹn. Ó ti di ohun àtijọ́."

Bàbá arúgbó gbé itan awó sílẹ̀. Ojú tì í. Ó ní kí Àlájà má bínú, òun kì í ṣe ìbátan rẹ̀, wọ́n kàn ní kí òun wá ṣe bí ẹni pé òun ni. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Fóònù ṣì wà lọ́wọ́ Abdulqoyum, ó ṣì ń fi wọ́n hàn, gbogbo Bódìjà sì gbọ́.

Àlájà kò ṣépè. Ó nu ojú rẹ̀, ó sì ní kí Abdulmojeed gbé òun lọ sọ́jà. Ó dúró láàárín àwọn tó ń tajà, ó gbóhùn sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo ń wá ilé tí wọn kì í jẹ awó."

Obìnrin kan tó ń ta òrí rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ni kò mọ̀ wọ́n, àwọn tí gbogbo ìlú máa ń dáná tiwọn lọ́tọ̀ níbi ìgbéyàwó. Ó fi igbá rẹ̀ ti aládùúgbò rẹ̀, ó sì mú wọn lọ sẹ́yìn àpáta. Ìyá arúgbó kan jókòó níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Àlájà kò tíì dárúkọ ìyá rẹ̀ tán tí ìyá náà fi dìde, tí ẹ̀wà dà sílẹ̀.

"Àsàbí," ni ó wí. "Ẹ̀gbọ́n mi. Títí ìyá wa fi kú, kò jẹ́ ká fún ẹlòmíì ní yàrá rẹ̀."

Ayọ̀ wá ṣubú layọ̀ nílé náà. Wọ́n pa ewúrẹ́. Àlájà, tí kò jó láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, jó yí agbo ilé ká lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń kí i káàbọ̀ sílé. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

Kí Abdulqoyum tó dé Ìbàdàn, àwọn tó ti bá a rìn rí ti ń bi ara wọn pé èwo tilẹ̀ ni òótọ́ nínú gbogbo ohun tó sọ fún wọn. Ẹgbẹ́ àwọn atọ́nà yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Abdulmojeed ló ń kó àwọn èèyàn lọ sí òdì kejì ẹnubodè báyìí, Àlájà ló sì ń júwe rẹ̀ fún gbogbo ará Challenge. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni Abdulqoyum ń wà láàárín Ẹlẹ́yẹlé àti Dùgbẹ̀. Bó bá sọ pé òun mọ ọ̀nà àbùjá kan, àwọn èrò á ní kó jọ̀ọ́, kó máa bá títì lọ.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí kò le. Àìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi irọ́ bo àìmọ̀ rẹ̀ yóò fi ohun tó ń jẹ ẹlòmíì lọ́kàn ṣeré, ọjọ́ tí àṣírí bá sì tú, kò sí ẹni tí yóò gbà á gbọ́ mọ́, kódà bó bá sọ òótọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Nítorí náà, ohun tí a kò bá mọ̀, ẹ jẹ́ ká sọ pé a kò mọ̀, ká sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n.