Okùn Oníkókó Méjì

Khalifa ni bíríkìlà tó bá Ìyá Habeebat tún ilé ìdáná rẹ̀ ṣe lẹ́yìn Páàkì Fájuyì, l'Ádó-Èkìtì. Ọmọ Ìwó ni, kò tíì lo ọdún kan nílùú, ó sì mọ̀ pé bí iṣẹ́ àkọ́kọ́ yìí bá bàjẹ́, ìròyìn á ti dé Ọjà Ọba kó tó fọwọ́ tán. Bíríkìlà tó wà ládùúgbò náà ṣáájú rẹ̀ gbé ilẹ̀kùn kan sódì. Kò sẹ́ni tó rántí orúkọ rẹ̀ mọ́. Baba Sódì ni gbogbo ayé ń pè é.

Owó èésú ni Ìyá Habeebat mú sílẹ̀, ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó náírà.

"Kò sí kọ́bọ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ o," ó wí. "Ibi tó yẹ ká ti náwó la ó ti ná an. Ibi tí kò bá yẹ, ká fojú fò ó."

Lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Khalifa bá ọkọ rẹ̀, Alàgbà Nọ́fíù, tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ọkùnrin náà ga bí òpó iná. Ìwé ìròyìn wà lórí itan rẹ̀, ó ń bá rédíò jiyàn.

"Ǹ bá ràn ọ́ lọ́wọ́, ọmọ Ìwó," ó wí, "ẹ̀yìn mi yìí ni. Kò fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ rárá. Ìyàwó mi náà mọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń fara dà á." Ó rẹ́rìn-ín. "Ó mà fẹ́ràn mi o! Lọ́jọ́ Jímọ̀, ṣe ló ń wọ̀n mí bíi télọ̀. Aṣọ Iléyá ń bọ̀!"

Khalifa bá a yọ̀, ó sì wọlé lọ bá iṣẹ́.

Ohun tí kò yé e ni ibi tí obìnrin náà kà sí ibi tó yẹ. Táìsì tó dán, ó ní rárá. Kó ra àṣẹ́kù, àwọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó ṣáà má jẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́, ó ní kó kàn fi ọ̀dà kùn ún. Ṣùgbọ́n fèrèsé, ó ní kó fọ́ ọ gbàgàdà sójú títì, kó lè máa rí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀. Ó tún ní kó kan pákó kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún rédíò.

"Ẹ máa ń gbọ́ rédíò ni, Mà?"

"Èmi tí mò ń dáná kí wọ́n tó pe àsùbáà, tí mo tún ń dáná lẹ́yìn Iṣáì? Ìgbà wo ni mo ráyè?"

Nígbà tó kan pẹpẹ, Ìyá Habeebat tú okùn kan ní etí ìró rẹ̀. Kókó méjì ló wà lára rẹ̀.

"Láti ilẹ̀ dé kókó àkọ́kọ́, pẹpẹ nìyẹn. Dé kókó kejì, ibi tí a ó gbé ìkòkò kọ́. Má fi ìka kan dín in."

Khalifa na okùn náà mọ́ ògiri. Kókó àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àyà obìnrin náà. Ti kejì, àfi kó gun àpótí. Ìyá Habeebat kì í ṣe ẹni gíga. Bó bá jókòó sáàárín abọ́ rọ́bà tó ń tà, oníbàárà á máa na ọrùn wá a.

"Mà, ó ga jù o. Ẹ jẹ́ n fi ìgbúnwọ́ yín wọ̀n ọ́n."

"Khalifa, mo ti wọ̀n ọ́n. Uṣẹ́ tìrẹ ni kó o mọ ọ́n."

Ó mọ ọ́n. Kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, Ìyá Dásọ́lá láti ilé kejì wá wòran. Ó dúró síwájú pẹpẹ, ó gbé ọwọ́ lé e, ọwọ́ náà sì wà níbẹ̀ bíi ti ọmọ tó ń yọjú lójú fèrèsé. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Yéè! Bíríkìlà, ṣé òmìrán ló fẹ́ máa sebẹ̀ níbí ni?"

Khalifa ti ń gbọ́ orúkọ tuntun rẹ̀ létí: Baba Gíga.

Ìyá Habeebat pe ọkọ rẹ̀ wọlé, ó fa aṣọ tuntun kan yọ nínú ọ̀rá, èyí tí wọ́n ń so mọ́ àyà dáná, ó so ó mọ́ ọn, ó gbé ìgbúnwọ́ ọkùnrin náà méjèèjì lé pẹpẹ tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú wọn, ó tan rédíò, ó sì fi ọ̀bẹ àti àlùbọ́sà lé e lọ́wọ́: "Baba Habeebat, ẹ̀yìn yín ò ní tẹ̀ mọ́."