Òwìwí Tí Orest Pa Rẹ́ Láyà Òkú

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ẹ má fi í sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ọ̀nà àbùjá.

1.

Ìlú Sudbury ní Kánádà ni Orest Hnatiuk ti ń tẹ káàdì họ́kì orí yìnyín, káàdì kéékèèké tí fọ́tò eléré wà níwájú rẹ̀, tí tọmọdé tàgbà ń kó jọ. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níṣẹ́, ẹ má jẹ́ n purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àṣẹ méjì ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Eléré tàbí ẹbí rẹ̀ ló ń fúnni láṣẹ láti lo ojú rẹ̀. Líìgì, àjọ tó ń darí eré náà, ló ń fúnni láṣẹ láti lo àmì ẹgbẹ́ tó wà láyà jẹ́sì. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, líìgì kó àṣẹ àmì fún ilé-iṣẹ́ ńlá kan ṣoṣo. Ojú wà lọ́wọ́ Orest, àmì kò sí.

Lucien Gauvreau, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta káàdì ní ṣọ́ọ̀bù, kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún un.

"Àwọn oníbàárà mi ní láìsí àmì láyà, àwọn eléré rẹ dà bí ẹni tó wọ aṣọ oorun jáde. Wọn ò rà á mọ́, Orest."

"Wọ́n á rà á, bí mo bá rí eléré tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí lórí káàdì rí."

2.

Eléré náà ni Toivo Rautio, aṣọ́lé ẹgbẹ́ Òwìwí, tó ti kú. Ẹ má jáyà nítorí orúkọ ẹgbẹ́ náà. Àwọn èèyàn ibẹ̀ kì í sá fún òwìwí bíi tiwa. Nígbà ayé rẹ̀, Toivo kò gbà kí ẹnikẹ́ni tẹ òun sórí káàdì. Orest lọ bá Aili, opó rẹ̀.

Ìyá àgbà náà gbé kọfí kalẹ̀, ó gbé fọ́tò méjì tì í. Nínú ọ̀kan, Toivo wọ kóòtù, ó gbé ẹja tó pa lórí adágún dání, ó ń rẹ́rìn-ín. Nínú èkejì, ó wọ jẹ́sì Òwìwí, ó dúró lẹ́nu gọ́ọ̀lù.

"Ṣé líìgì ti fún ọ láṣẹ àmì?"

"Wọn ò tíì fún mi, Màmá."

"Ó dáa, lo ti ẹlẹ́ja. Kóòtù ò nílò àṣẹ líìgì kankan. Ọjọ́ tí o bá gbàṣẹ, kí o lo ti jẹ́sì. Ṣùgbọ́n má pa òwìwí yẹn rẹ́ láyà ọkọ mi o. Jẹ́sì yẹn la fi sin ín."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Ṣé mo wá jọ ẹni tó ń da òkú láàmú ni?"

"Mi ò mọ ohun tí o jọ. Ohun tí mo sọ ni kí o gbọ́."

Nígbà tí Orest padà dé ibi iṣẹ́, ó wo fọ́tò ẹlẹ́ja, ó pòṣé. Ta ni yóò ra ẹja? Ó fa fọ́tò jẹ́sì yọ, ó mú búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín, ó sì ń fi ọ̀dà funfun pa òwìwí rẹ́ láyà Toivo, díẹ̀díẹ̀, títí tí kò fi sí mọ́.

Fọ́tò kan wà lórí tábìlì rẹ̀ tó ń wò ó bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Halyna ni, ìyàwó rẹ̀ olóògbé. Òun náà wọ jẹ́sì Òwìwí, torí pé ẹ̀gbẹ́ yìnyín tí wọ́n ti ń gbá họ́kì ni wọ́n ti pàdé. Ilé wọn ti jóná rí, fọ́tò yẹn nìkan ni iná ò jó. Kò sí àárọ̀ tí Orest kì í kí i. Ó fẹ́ràn obìnrin náà dénú, ìyẹn ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

3.

Káàdì Toivo tà wàràwàrà. Lẹ́yìn náà ni Lucien pè é.

"Orest, irú eré wo lo ń bá wa ṣe? Káàdì yìí ò lójú!"

"Ojú wo? Mo tẹ ojú sí i!"

"Wá fojú ara rẹ rí i."

Orest ti ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò, ó dúró níwájú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù. Funfun àyà Toivo ti gun ọrùn, ó ti dé àgbọ̀n. Lucien fìka kan káàdì kan, ó sì yára fà á padà. Ó tutù. Bí wọ́n ṣe ń wò ó, ojú òsì Toivo pòórá. Wọ́n ń gbọ́ nǹkan kan, họ̀rọ́, họ̀rọ́, bí ẹni ń pa nǹkan rẹ́ lórí ìwé.

"Kó wọn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi," ni Lucien kígbe. "Gbogbo wọn, Orest!"

Orest kò kó nǹkan kan. Ó ti rántí fọ́tò orí tábìlì rẹ̀, ó sì sáré.

Halyna ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òwìwí àyà rẹ̀ ti lọ.

4.

Ó gbé fọ́tò náà mọ́yà, ó di ọ̀dọ̀ Aili.

"Màmá, ẹ bá mi bẹ ọkọ yín! Màá sun gbogbo káàdì náà. Èyí nìkan ni mo ní tí mo fi ń rí ìyàwó mi."

Aili wo fọ́tò náà, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Toivo ò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Kì í ṣe òun ló ń pa á rẹ́, ọmọ mi. Wo ọwọ́ rẹ."

Orest wo ọwọ́ rẹ̀. Àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ wà lórí ojú Halyna, ó ń lọ, ó ń bọ̀, họ̀rọ́, họ̀rọ́, ọ̀dà funfun sì wà lórí rẹ̀. Ó fẹ́ dá a dúró, kò dúró. Ó fi ọwọ́ òsì dì í mú, kò dúró. Aili náà bá a fà á. Nígbà tí wọ́n fi já fọ́tò náà gbà, jẹ́sì nìkan ló kù nínú rẹ̀, ó dá dúró lórí yìnyín, ó na apá méjèèjì bí ẹni fẹ́ dì mọ́ ènìyàn.

"Lucien, o mọ Halyna dáadáa," ni Orest ń bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. "Báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí?"

"Ó pupa. Ó ní èjí. Bó bá ti fẹ́ rẹ́rìn-ín, á kọ́kọ́ fọwọ́ bo ẹnu."

Orest mi orí, bí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹni tí kò mọ̀ rí fún. Àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì ń lọ, ó ń bọ̀ lórí orúnkún rẹ̀, họ̀rọ́, họ̀rọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, mo bẹ̀ yín, bí olóhun bá ní ẹ má ṣe é, ẹ má ṣe é. Bí àṣẹ ò bá sí lọ́wọ́ yín, ẹ lo fọ́tò ẹlẹ́ja, kí ẹ sì fara mọ́ ìwọ̀nba tó bá tà. Ọwọ́ tó bá ti mọ ọ̀nà àtipa ohun olóhun rẹ́ kì í dá ohun ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ yàtọ̀. Ẹ fi ìtàn yìí han ẹni tí ẹ fẹ́ràn. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀.