Agogo Tí Òjéwùmí Gé Lójú Irin

Ó ti tó ogójì ọdún tí rélùwéè ti gbàgbé abúlé wọn, igbó sì ti bo ojú irin mọ́lẹ̀. Nígbà tí agogo ìjọ sán, Òjéwùmí olórí kunkun, ẹni tó máa ń lù ú, lọ gé ègé irin kan níbẹ̀, ó so ó mọ́ igi máńgòrò ṣọ́ọ̀ṣì.

"Bàbá Dáyọ̀, ẹ dá a padà," Àṣàbí ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. "Nǹkan onínǹkan ni."

"Ta ló ni ín? Ọkọ̀ tó ti kú?"

Bí ilẹ̀ ti ń ṣú, ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹta láti pe ìjọ sí àdúrà. Irin kan dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta nínú igbó. Gbohùngbohùn ni, ó rò. Ó tún lù ú lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni ìdáhùn, ó sì ti súnmọ́ tòsí.

Ó di irin náà mú. Ó gbóná, ó ń gbọ̀n. Nígbà èwe, wọ́n máa ń fi etí lé ojú irin láti mọ̀ bóyá rélùwéè ń bọ̀. Ó fi etí lé e.

Ó ń bọ̀.

Ó gbójú sókè. Láti ẹ̀bá igbó, koríko ń tẹ́ pẹrẹsẹ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ní ìlà méjì gbọọrọ. Láàárín ìlà méjèèjì ni àwọn ọmọ ìjọ ń gbà bọ̀, Àṣàbí ló ṣáájú.

"Ẹ yà! Ẹ kúrò lọ́nà!"

Irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún fúnra rẹ̀ kíkankíkan, ó bo ohùn Òjéwùmí mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ rò pé àwọn ti pẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bọ̀.