Epo Tó Kù Lẹ́bu Erin

Àlọ́ mi yọ̀ nínú epo pupa, ó ṣubú lu Òkété, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹbu epo Erin.

Odò tí ẹbu ń lò gbẹ, iṣẹ́ sì parí. Òkété ti ń fojú inú rí epo tó kù lórí iṣu tirẹ̀ nílé, nígbà tí àwọn Èèrà tó ń gún ẹyìn wá kúnlẹ̀.

"Ọ̀gá wa, ẹ jẹ́ ká rí díẹ̀ mú lọlé."

Òkété mọ̀ pé Erin ti fún òun láṣẹ láti fún wọn. Ṣùgbọ́n nínú ẹbu, ọ̀gá ló ń dá orin, òṣìṣẹ́ ló ń gbè é. Ló bá dá a:

Ǹ bá fún yín o,
*Òfin ò gbà!*
Àánú yín ń ṣe mí,
*Òfin ò gbà!*
Kí òṣìṣẹ́ mú epo relé,
*Òfin ò gbà!*

Orin náà dùn débi pé tẹkúntẹkún ni àwọn Èèrà fi ń gbè é. Erin gbọ́, ó wọlé, ó gbé ìkòkò epo tó kù, ó fẹ́ máa lọ.

"Bàbá, ìpín tèmi ńkọ́?" Òkété bi í.

"Mo sọ fún ọ pé o lè pín in fáwọn òṣìṣẹ́ mi. Ìwọ lo ní òfin ò gbà. Àbí ìwọ kì í ṣe òṣìṣẹ́ mi ni?"

Òkété ń lọ sílé lọ́wọ́ òfo, àwọn Èèrà ń kọrin rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín ara rẹ̀ pa á. Kò mọ ìgbà tí òun náà gbè é:

*Òfin ò gbà!*