Púlọ́ọ̀gì Tó Wà Lápò Verlyn

Ogójì ọdún ni Verlyn Haugen fi wa ọkọ̀ wàrà ní Wisconsin, ohun tó sì mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì kò ju ibi tí wọ́n ń rọ epo sí lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sunday kan nínú oṣù karùn-ún, nígbà tí wọ́n ń mu kọfí nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, Ardis Lindvall sọ pé katakata kékeré tí òun fi ń gé koríko kò dáhùn mọ́. Ẹnu àìmẹ́nu kó bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ Verlyn.

"Màá bá ẹ tún un ṣe," ló wí.

"Má wulẹ̀ yọ ara ẹ lẹ́nu."

"Kò sí wàhálà kankan ńbẹ̀."

"Rárá o, o níṣẹ́ tìẹ."

"Ardis, mò ń bọ̀ ní Sátidé."

"Ó dáa, tí kò bá ṣáà ti ni ẹ́ lára."

Bí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá gba nǹkan kó tó di ẹ̀ẹ̀kẹta tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, wọn a ní kò gba ẹ̀kọ́ ilé.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Ardis àti Roald ọkọ rẹ̀ kó dé láti Milwaukee, Roald sì kú kí ọdún àkọ́kọ́ tó yí po. Olùdarí akọrin ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Nígbà tí Verlyn wọ gáréèjì wọn, ẹnu yà á. Sípánà ló tò sára ògiri láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó tóbi jù, kò sí ọ̀kan tó dípẹtà. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé olóògbé yìí mọ nǹkan tọ́jú.

Verlyn ti yá ìwé kan ní ilé ìkàwé. Ó gbé e sórí ìjókòó katakata, ó tú kábúrétọ̀, ó fọ̀ ọ́, ó dè é padà. Nígbà tó parí, nọ́ọ̀tì mẹ́ta ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Ó rọra jù wọ́n sínú agolo kan lórí tábìlì, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní Sátidé kejì, kò sí nọ́ọ̀tì nínú agolo mọ́, kò sì sí ibi kankan tó ṣófo lára ẹ́ńjìnnì. Ó gbà pé ojú òun ló tan òun jẹ lọ́jọ́sí.

Ní Sátidé kẹta, ó fi bẹ́líìtì tó ń yí abẹ kọ́ sódì. Nígbà tó fi máa padà dé ní ìkẹrin, bẹ́líìtì wà bó ṣe yẹ kó wà. Ọkàn Verlyn bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Ó ní àṣé ẹ̀bùn yìí ti wà lára òun látijọ́, wàrà ni kò jẹ́ kó jáde.

Ardis a máa jókòó sórí garawa tó dojú dé, kọfí lọ́wọ́, páì lórí itan.

"Ṣé èyí lò ń wá?" Ó na sípánà kan sí i kí Verlyn tó béèrè.

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Òun ló sún mọ́ mi jù."

"Roald kọ́ ẹ dáadáa."

"Roald?" Ardis rẹ́rìn-ín títí kọfí fi dà sí i láṣọ. "Jẹ páì ẹ, Verlyn."

Ní ọ̀sán Sátidé kẹrin yẹn, bí Verlyn ṣe yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, èéfín sì yọ, ó kù díẹ̀ kó dáhùn. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó ronú nípa Sátidé tí kò ní sí ibi tí yóò lọ, òun nìkan pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n àti páì ilé ìtajà. Kí Ardis tó gbé kọfí kejì dé, ó ti tú púlọ́ọ̀gì sápò.

"Púlọ́ọ̀gì ti kú," ló wí. "Mo máa ní láti bá wọn béèrè òmíràn. Ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì."

"Irú ẹ̀ ti wọ́n," ni Ardis fèsì, ó sì sún garawa rẹ̀ díẹ̀ kó lè bo páálí púlọ́ọ̀gì tó wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì di mẹ́ta. Verlyn ń wá ní gbogbo Sátidé, ó ń nu táyà tí kò dọ̀tí. Koríko ń ga. Nígbà tó yá, lẹ́tà dé láti gbọ̀ngàn ìlú: bí wọn kò bá gé koríko náà kí Monday tó dé, wọn yóò lẹ orúkọ Ardis mọ́ pátákó tó wà níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. Ardis ka lẹ́tà náà sókè, ó ká a, ó wọlé lọ gbé kọfí.

Ojú ti Verlyn. Ó fẹ́ràn Sátidé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn Ardis jù ú lọ. Ó yọ púlọ́ọ̀gì lápò, ó dè é padà pinpin, ó sì dúró kó jáde wá. Nígbà tí Ardis dé, Verlyn yí kọ́kọ́rọ́.

Ẹ́ńjìnnì kò wúkọ́ pàápàá. Ó tún un yí. Kẹ́kẹ́ pa. Epo wà ńbẹ̀, wáyà fún dáadáa, púlọ́ọ̀gì sì wà ní ojú ẹ̀. Verlyn ṣí fìlà.

"Ardis, mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì. Púlọ́ọ̀gì yẹn ò kú, àpò mi ló wà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo rò pé tí katakata bá ti ń ṣiṣẹ́, mi ò ní rí nǹkan wá ṣe níbí mọ́."

"Mo mọ̀."

"Látìgbà wo?"

"Láti Sátidé àkọ́kọ́. O gbé ìwé ẹ sódì, orí ẹ̀ ló wà nísàlẹ̀." Ó na ife kọfí sí i. "Ṣé wàá wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?"

"Màá wá," ni Verlyn wí, kò dúró de ẹ̀ẹ̀kejì, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ẹ̀ẹ̀kẹta.

Ardis wá fa kọ́ìlì katakata náà, ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná, tó ti tú pamọ́, yọ lápò épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó sì fi bóòtù méjì dè é mọ́ àyè rẹ̀ láìwo ọwọ́ ara rẹ̀, bó ṣe ń dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì kan tẹ̀lé òmíràn fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní Milwaukee, ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe irú ẹ́ńjìnnì yìí.