Ẹ̀jẹ̀ Tó Kọ Irin

Láti kékeré ni ara Morádéyọ̀ ti kọ irin. Bó bá fi yẹtí sétí lásán, etí náà á wú, á sì máa ṣọyún. Nítorí náà, nígbà tó kàn án láti gba eyín ìjọba, eyín onírin tí gbogbo ilẹ̀kùn ìlú fi ń dá èèyàn mọ̀, ẹ̀rù kò bà á. Ó gbà pé wọ́n á fún òun ní káàdì dípò rẹ̀.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó kán an sórí irin pẹlẹbẹ kan. Kíá ni ẹ̀jẹ̀ náà di dúdú.

"Ẹ̀jẹ̀ yín kọ irin, mà."

Inú Morádéyọ̀ dùn. "O ṣeun, ọmọ mi. Ṣé kí n máa lọ sílé?"

"Rárá, mà. Dókítà ń bọ̀ wá fi eyín náà sí yín lẹ́nu."

"Ṣebí o ní ẹ̀jẹ̀ mi kọ̀ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹnu yín bá wá jẹrà, àyẹ̀wò yìí ló máa fi hàn pé ara yín ló lẹ́bi, kì í ṣe ìjọba."

Morádéyọ̀ pa ẹnu dé gbọin. Nọ́ọ̀sì ò bá a jà. Ó rọra di imú rẹ̀ mú, bí ìyá tó fẹ́ rọ ọmọ lágbo, títí ó fi lanu láti mí.