Ikọ́ Alùpùpù

Ìyá ọkọ ṣì wà láyé nígbà tí mẹkáníìkì de asẹ́ atẹ́gùn tuntun mọ́ ògbólógbòó alùpùpù ilé wọn, tó yí kábúrétọ̀ síwá sẹ́yìn títí ó fi ń kùn jẹ́jẹ́ bí oyin.

Ìyàwó fajú ro. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ikọ́ rẹ̀ padà."

"Ìyá wa, ẹ̀ ń ṣàwàdà!" ni mẹkáníìkì wí.

"Ikọ́ yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé bàbá àwọn ọmọ mi ti ń bọ̀, kí n gbé ọbẹ̀ kaná."

Ìyá ọkọ bú sẹ́rìn-ín. "Tún un yí, jàre, kébi má pa ọmọ mi!"

Ọdún gorí ọdún. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó gbọ́ ikọ́ náà lókèèrè. Ó gbé ọbẹ̀ kaná, ó sáré jáde.

Mẹkáníìkì nìkan ló gùn ún dé, ó fi fìlà ọkọ há abíyá.

"Ìyá wa," ó ní, "ẹ sọ ọbẹ̀ kalẹ̀."